Oorun Ọ̀sán Ọmọdé àti Yàrá Àlejò ní Sokodé

Gbólóhùn méjì kan ti pẹ́ lẹ́nu àwọn òbí tó bá ń gbé ọmọ lọ sí òde ọdún. Èkíní ni pé, "Ọmọ kékeré, ibikíbi ló ti ń sùn." Èkejì ni pé, "Bí kò bá sùn lọ́sàn-án, ṣebí á sùn fọnfọn lálẹ́." Wọ́n á wá fi méjèèjì yan ilé tí wọ́n máa wọ̀ sí: kí yàrá ṣáà ti sún mọ́ ojú agbo, ó tán. Ìmọ̀ràn yìí ni wọ́n fún àbúrò mi obìnrin kan tó ti Lomé gbé ọmọ ọdún méjì lọ wo ọdún Adossa ní Sokodé. Ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Yàrá tó gbà kò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ sí títì tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń gbà kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ọmọ kò sùn lọ́sàn-án, kò sùn lóru. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n padà sí Lomé, wọn kò dúró wo ìparí ọdún tí wọ́n torí rẹ̀ wá.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ṣe ẹ̀rí. Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé nígbà tó dé, tí mo béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kò dá yàrá lẹ́bi rárá. Ọmọ ló dá lẹ́bi. Ó ní ọmọ náà ti ń ya ìpáǹle.

Ìmọ̀ràn "ẹ sún mọ́ ọn" yìí kì í ṣe irọ́ níbi tó ti ṣẹ̀ wá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e padà sílé rẹ̀. Ọgbà eré Disneyland tó wà ní Marne-la-Vallée, ní ìlà-oòrùn Paris, ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1992. Ọgbà ni lóòótọ́: ó ní odi, ó ní géètì, ó ní àsìkò tí wọ́n ń ṣí i àti àsìkò tí wọ́n ń tì í. Ilé ìtura kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ sórí ẹnu ọ̀nà gan-an, abẹ́ rẹ̀ lèrò ń gbà wọlé. Òbí tó bá rówó san níbẹ̀ lè gbé ọmọ kúrò lórí ẹṣin onígi tó ń yí po láago méjìlá, kí aago kan tó lù, ọmọ ti nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, fèrèsé ti wà ní títì, orin ti kù sí inú ọgbà. Ẹni tó wọ̀ sí àárín Paris ńkọ́? Ọkọ̀ ojú irin RER A ni yóò tún wọ̀, ó sì tó ogójì ìṣẹ́jú. Ọmọ á tòògbé lórí ìjókòó, á jí nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, á sì kọ̀ láti tún sùn. Níbi tí ọgbà bá ti ní odi, owó tí èèyàn san kún un láti sún mọ́ géètì, oorun ló fi rà, ó sì jèrè.

Mo fura pé àwọn ará wa tó ń gbé ní ilẹ̀ Faransé ló kó ọgbọ́n yìí bọ̀ wálé nínú báàgì pẹ̀lú ṣokoléètì. Àmọ́ Adossa kò ní géètì.

Sokodé ni olú-ìlú ẹkùn Centrale ní Togo. Ojú ọ̀nà ńlá tó ti Lomé lọ sí àríwá ló wà, ó sì lé ní 300 kìlómítà sí Lomé. Àwọn Tem, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Kotokoli, ló ni ìlú, Mùsùlùmí sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Adossa ni ọdún ọ̀bẹ, ó ń bá ọjọ́ ìbí Ànábì rìn. Gadao ní tirẹ̀ jẹ́ ọdún ìdúpẹ́ ìkórè. Lóde òní wọ́n ti so méjèèjì pọ̀ débi tí èèyàn á máa gbọ́ orúkọ wọn bí ẹni ń gbọ́ orúkọ ìbejì. Ìlù ń rìn, ẹṣin ń rìn, àwọn ọkùnrin tó ń fi ọ̀bẹ jó náà ń rìn, èrò ń tẹ̀ lé wọn. Ìwọ jókòó síbi tó wù ọ́, agbo á wá ọ dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá wá gba yàrá tó sún mọ́ agbo, inú agbo ló gba yàrá sí. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn: a mú òṣùwọ̀n ọgbà tó ní odi wá fi wọn ọdún tí gbogbo ìlú jẹ́ ojúde rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń gbàmọ̀ràn máa ń gbàgbé. Oṣù ojú ọ̀run ni Adossa ń tẹ̀ lé, nítorí náà ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣáájú ti èṣí lọ́dọọdún. Ní 2025, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ ìbí Ànábì bọ́ sí, nígbà tí òjò ṣì wà nílẹ̀. Bí a bá ka ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i, yóò ti sún dé inú oṣù kẹta, tí ooru Sokodé ń hó bí ìkòkò. Yàrá tí ẹnì kan yìn fún yín lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ojú ọjọ́ mìíràn ló fi yìn ín. Lásìkò òjò, ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni bóyá sílíìnì wà lábẹ́ páànù, nítorí bí òjò bá dé sórí páànù tí kò ní sílíìnì, àgbàlagbà pàápàá á jí. Lásìkò ooru, páànù yẹn kan náà ni yóò sọ yàrá di ààrò.

Ọ̀rọ̀ "ibikíbi" ló kàn. Mo mọ ibi tó ti wá, mo sì ti rí ohun tó ń mú kéèyàn gbà á gbọ́. Ẹ wọ agbo ilé kan ní Kambolé, ní Togo níbí, lọ́jọ́ kan, nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí. Obìnrin méjì dúró ti odó, wọ́n ń gúnyán. Bí ti ọ̀kan bá ròkè, ti èkejì á wálẹ̀: gbì, gbì, gbì, ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀. Kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ sí ìdí odó tí ọmọ kan sùn sí lórí ẹní, ìhòòhò, ìdí rẹ̀ kún fún eruku, eṣinṣin kan ń rìn lórí ètè rẹ̀. Kò mira. Ìyá rẹ̀ á wò yín, á rẹ́rìn-ín: "Ẹ ò rí nǹkan? Ibikíbi ló ti ń sùn."

Rárá o. Ibẹ̀ ló ti ń sùn. Láti inú oyún ló ti ń gbọ́ odó yẹn. Odó wà lára oorun rẹ̀ bí èémí ìyá rẹ̀ ṣe wà lára rẹ̀. Bí odó bá dákẹ́ lójijì, ìgbà náà ló lè jí. Ẹ wá gbé ọmọ kan náà lọ sí yàrá kan ní Sokodé tí òórùn ọ̀dà ṣì wà lára ògiri rẹ̀, tí ẹnì kan ń fa àga lórí sìmẹ́ǹtì nínú yàrá kejì. Àga yẹn kò pariwo tó odó, àmọ́ ọmọ á lajú sílẹ̀ gbàgàdà.

Ní ọdún 2016, Masako Tamaki àti Yuka Sasaki, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Brown University ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí oorun alẹ́ àkọ́kọ́ níbi àjèjì. Wọ́n rí i pé apá òsì ọpọlọ kì í sùn dénú tó apá ọ̀tún ní alẹ́ yẹn, ó ń ṣọ́nà, ohùn àjèjì díẹ̀ ló sì lè ta á jí. Àgbàlagbà ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà, kì í ṣe ọmọ ọdún méjì, mi ò sì ní fà á gùn ju bó ti mọ lọ. Síbẹ̀, bí ọpọlọ àgbàlagbà tó mọ̀ pé òun sanwó yàrá bá lè máa ṣọ́nà, ta ló fẹ́ sọ fún ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ pé kò séwu?

Àwọn kan á ní, "Ṣé ẹ̀yìn kò sí ni? Ẹ pọ̀n ọ́n." Òótọ́ ni, ọ̀já ti gbé oorun ọmọ ju bẹ́ẹ̀dì lọ ní ilẹ̀ wa, mi ò sì rí ohun tí mo fẹ́ bá a jà sí. Kumi Kuroda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan náà gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2022. Ohun tí wọ́n bá pàdé kò ní ya ìyá àgbà kankan lẹ́nu: kí a gbé ọmọ tó ń sunkún rìn fún ìṣẹ́jú 5 láìdúró, kí a jókòó tì í mọ́ra fún ìṣẹ́jú 5 sí 8 lẹ́yìn tó bá sùn, ká tó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Bí èèyàn bá kánjú tẹ́ ẹ, á jí. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi dán an wò, àmọ́ ẹni tó bá ti sọ ọmọ ọdún méjì kalẹ̀ lẹ́yìn rí mọ̀ pé ibi ìtẹ́sílẹ̀ yẹn náà ni gbogbo iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ní ọjọ́ Adossa, níbo ni ẹ ti fẹ́ rí ìṣẹ́jú 8 jókòó jẹ́ẹ́? Yàrá tó ń dáhùn ìbéèrè yìí la ń wá, kì í ṣe èyí tó wà lẹ́bàá títì.

Gbólóhùn kejì, pé ẹni tí kò sùn lọ́sàn-án á sùn dáadáa lálẹ́, ló ṣòro jù láti tún ṣe, nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ní 1982, Alexander Borbély, onímọ̀ oorun kan ní Zürich, ṣàlàyé pé nǹkan méjì ló ń darí oorun. Ọ̀kan dà bí ẹrù tó ń wúwo sí i bí èèyàn bá ṣe pẹ́ lójúfò tó. Èkejì ni aago tó wà nínú ara, tó ń bá ọ̀sán àti òru rìn. Ẹni tó bá gbé ẹrù wíwúwo dé alẹ́ á sùn dénú, bẹ́ẹ̀ ni àgbàlagbà ń rí i lára ara rẹ̀, ó sì rò pé bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọmọ.

Àmọ́ èjìká ọmọ kò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dé alẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní 2019 pé ọmọ ọdún kan sí méjì nílò oorun wákàtí 11 sí 14 láàárín ọ̀sán àti òru, tòun ti oorun ọ̀sán nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin nílò wákàtí 10 sí 13. Ẹni tí ìlù jí láago márùn-ún ìdájí, tí kò sùn lọ́sàn-án, tí ìlù tún dá dúró di aago mẹ́wàá alẹ́, ìgbà wo ló fẹ́ rí wákàtí 11? Monique LeBourgeois àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà dá oorun ọ̀sán dúró fún àwọn ọmọ tó wà láàárín oṣù 30 sí 36, wọ́n sì wo ojú wọn bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán àti eré àtòpọ̀ hàn wọ́n. Àwọn ọmọ náà kò pọ̀, wọn kò ju mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n oorun ọ̀sán kan ṣoṣo tí wọ́n pàdánù mú ayọ̀ ojú wọn dín kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta, ìbínú sì gorí rẹ̀. Ní 2012 ni wọ́n tẹ ìyẹn jáde. Nígbà tí mo kà á, ọ̀rọ̀ "ìpáǹle" tí àbúrò mi sọ ló wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ̀tọ́ ni kí n sọ apá kejì pẹ̀lú. Ní 2015, Karen Thorpe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Australia kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lórí oorun ọ̀sán àwọn ọmọ tí kò tíì ju ọdún márùn-ún lọ. Wọ́n rí i pé lẹ́yìn ọdún méjì, ọmọ tó bá ṣì ń sùn lọ́sàn-án máa ń pẹ́ sùn lálẹ́, oorun alẹ́ rẹ̀ kì í sì fi bẹ́ẹ̀ dán mọ́rán. Nítorí náà, ìyá tó ní ọmọ ọdún mẹ́rin tó sọ pé kó má sùn lọ́sàn-án kó lè sùn lálẹ́ kò jẹ̀bi. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọmọ oṣù 18 ló gbé ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n wọ àbúrò. Òwe wa tó sọ pé ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun, ẹ yí i padà wò fún ọjọ́ kan: ìyá tó bá ní kí ọmọ òun má sùn lọ́sàn-án ńkọ́?

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni kí ẹnì kan sọ pé ìgbádùn òyìnbó ni ká máa wá yàrá fún oorun ọmọ. Ní Togo? Níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ti ń ti ilẹ̀kùn láago méjìlá ọ̀sán, tí kì í ṣí padà títí di aago méjì ààbọ̀? Àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Tchamba ń lọ nà sórí ẹní lákòókò yẹn, ẹnikẹ́ni kò pè é ní òyìnbó.

Yàrá wo wá ni? Ní ojú pátákó ọ̀pọ̀ ilé àlejò ní Sokodé, irú yàrá méjì ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀ lédè Faransé: ventilée, èyí tó ní fáànù, àti climatisée, èyí tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí owó rẹ̀ ga. Àwọn òbí a máa sáré sí èkejì. Mi ò bá wọn wí bó bá jẹ́ inú oṣù kẹta. Ṣùgbọ́n fáànù ní iṣẹ́ kan tí kò sí lójú pátákó: ariwo rẹ̀ tó ń lọ ṣìì láìyí padà máa ń bo àga tí wọ́n ń fà àti ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbá. Fún oorun ọmọ, fáànù àtijọ́ tó ń dún díẹ̀ kò burú. Bí iná bá wá lọ ńkọ́? Wọ́n á ní jẹnẹrétọ̀ wà. Ẹ béèrè ibi tó wà. Mo ti sùn rí ní yàrá kan tó jẹ́ pé ẹ̀yìn fèrèsé mi gan-an ni wọ́n gbé e sí, mo kàn ń wo òkè àjà títí ilẹ̀ fi mọ́ ni.

Ẹ sá fún ojú ọ̀nà ńlá, nítorí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí àríwá kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Ẹ sá fún ibi tí buvette, ìyẹn ilé ọtí, wà lábẹ́ yàrá, kódà bí wọ́n bá búra fún yín pé àwọn kì í yí orin sókè. Àmọ́ ẹ má torí mọ́sálásí kọ yàrá. Kò sí àdúgbò tí ẹ máa gbà ní Sokodé tí ẹ kò ní gbọ́ ìpè ìrun Àílà, ìpè kì í pẹ́, ọmọ tó bá sì dàgbà nílé Mùsùlùmí ti mọ̀ ọ́n bí ọmọ Kambolé ṣe mọ odó. Ẹ mú àwọ̀n ẹ̀fọn tiyín dání láti ilé. Èyí kì í ṣe nítorí ibà nìkan: òórùn rẹ̀ ni òórùn ilé, ọmọ tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ á rò pé ilé ni òun wà. Ẹ mú ìró tí ọmọ ń sùn lé náà dání, ẹ má fọ̀ ọ́ kí ẹ tó lọ.

Àwọn kan á béèrè pé ṣé kò sàn kí àwọn sùn ní Tchamba, kí àwọn máa lọ sí Sokodé, kí àwọn sì máa bọ̀. Tchamba wà ní ìlà-oòrùn Sokodé, bíi 35 kìlómítà. Ẹni tó ní ọkọ̀ tirẹ̀ lè ṣe é: kó lọ láàárọ̀, kó kúrò níbẹ̀ kí aago mọ́kànlá tó lù, kí ọmọ má bàa sùn lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn. Mo ti rí ọmọ tó sùn lọ lórí zémidjan láàárín ìyá àti ọlọ́kadà, orí rẹ̀ ń mì sí ọ̀tún, ń mì sí òsì bí ìbẹ́pẹ tó fẹ́ já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tó lè má dùn mọ́ àwọn tó ti san owó ọkọ̀ láti òkè òkun. Ẹni tí ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ wà ní Kambolé kò nílò yàrá kankan ní Sokodé fún ọmọ ọdún méjì. Èdè Kambolé tan mọ́ tiwa. Àwọn onímọ̀ èdè kà á pọ̀ mọ́ ti Manigri tó wà ní agbègbè Bassila lórílẹ̀-èdè Benin. Bí ọmọ bá tilẹ̀ ti Paris dé, tó bá lo ọ̀sẹ̀ kan nínú agbo ilé yẹn kí ọdún tó dé, odó á ti di tirẹ̀, ẹ̀yìn ìyá àgbà á ti di tirẹ̀, "sùn, ọmọ mi" á ti wọ̀ ọ́ létí. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ wo ọ̀bẹ. Ó ní ọdún púpọ̀ níwájú láti wò ó, kò sì ní rántí ti ọdún yìí. Bàbá tó fẹ́ ya fọ́tò ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin lè ya ti ẹṣin nìkan.

Bó bá wá di dandan kí ọmọ bá yín lọ, ẹ má fi fóònù gba yàrá, ẹ má sì lọ wò ó láàárọ̀ nígbà tí gbogbo ìlú ṣì tutù. Aago kan ọ̀sán ni kí ẹ lọ. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i fún yín, ẹ wọlé, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì fún ìṣẹ́jú 8, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé, ẹ sanwó.